Kiloríìnì àti Omi Gbígbóná: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Yan Èyí Tó Bá Omi Mu

Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun sì ti wọ inú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Èkìtì àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ fi omi gbígbóná wẹ̀ yóò dáná, yóò gbé ìkòkò omi ka orí ààrò. Bí ó bá sì wẹ̀ tán, omi náà ti ṣàn lọ sí ẹ̀yìnkùlé nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń tọ́jú omi ìwẹ̀ di ọ̀la. Lóde òní ẹ̀wẹ̀, ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá kan ti wọ àwọn ilé ìtura àti ilé àwọn tó lówó lọ́wọ́, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní jakúsì. Ẹ̀rọ ni í mú omi inú rẹ̀ gbóná, ẹ̀rọ ni í sì mú un ru. Omi kan náà ni ènìyàn mẹ́rin lè jókòó sí lónìí, kí àwọn mìíràn tún jókòó sí i lọ́la àti lọ́tùn-únla.

Omi tí a kò dà nù gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò máa ṣọ́ ọ. Kiloríìnì ni olùṣọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìka kò dọ́gba. Ọ̀kan jẹ́ omi nínú igò, ọ̀kan jẹ́ ìyẹ̀fun nínú agolo, ọ̀kan rí bí iyọ̀, ọ̀kan sì jẹ́ hóró ńlá bí ọṣẹ. Nọ́ńbà tó wà lára wọn kò bára mu, ó sì rọrùn fún olùrà láti rò pé èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi jù lọ ni ó dára jù lọ. Ìtàn kiloríìnì fi hàn pé èrò bẹ́ẹ̀ kò tọ̀nà. Omi kan ní í wà lójú àwọn tó kọ́kọ́ ṣe oríṣi kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì mọ omi tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é ni yóò mọ èyí tó yẹ kí ó rà.

Ọwọ́ alágbàfọ̀ ni ó kọ́kọ́ wà

Ní ọdún 1774 ni Carl Wilhelm Scheele, apòògùn kan ní ilẹ̀ Swídìn, rí afẹ́fẹ́ kan tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè, tí òórùn rẹ̀ sì ń ta ènìyàn ní imú. Ní 1810, Humphry Davy ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ìpilẹ̀ nǹkan ni afẹ́fẹ́ náà, kì í ṣe àdàlù, ó sì fi èdè Gíríìkì sọ ọ́ lórúkọ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Kí ó tó gba orúkọ yìí ni àwọn tó ń sọ aṣọ di funfun ti mọ ìwúlò rẹ̀. Ṣáájú àkókò náà, orí koríko ni wọ́n ń tẹ́ aṣọ sí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí oòrùn tó lè pa á láwọ̀ dà. Ní àwọn ọdún 1780, Claude Berthollet ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé kiloríìnì lè ṣe iṣẹ́ náà ní wákàtí díẹ̀.

Ìṣòro kan ṣẹ́ kù: ta ni yóò ru afẹ́fẹ́ tó ń pani lọ sí ọjà? Charles Tennant ti ìlú Glasgow ni ó gba ìwé àṣẹ ní 1799 fún ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣe nípa jíjẹ́ kí ẹfun òkúta fa kiloríìnì mu. Ìyẹ̀fun yìí ṣeé dì sínú àgbá, ó sì ṣeé kó lọ sí ọ̀nà jíjìn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ó ti hàn gbangba pé kì í ṣe agbára nìkan ni ènìyàn ń rà nígbà tó bá ra kiloríìnì. Bí yóò ṣe gbé e, bí yóò ṣe tọ́jú rẹ̀ àti bí yóò ṣe wọ̀n ọ́n wà lára ohun tí ó ń rà.

Ní 1847, Ignaz Semmelweis, dókítà kan ní ilé ìwòsàn àwọn aláboyún ní Vienna, pàṣẹ pé kí gbogbo dókítà tó bá ti yàrá òkú bọ̀ fi omi tí a po ìyẹ̀fun yìí sí fọ ọwọ́. Òórùn òkú ni ó fẹ́ mú kúrò lọ́wọ́ wọn. Kò tíì sí ẹni tó mọ̀ nípa kòkòrò àrùn dáadáa nígbà náà. Síbẹ̀, ikú àwọn ìyá ọmọ dínkù lọ́nà tó yani lẹ́nu.

Bí kiloríìnì ṣe wọ inú omi

Ní 1854, John Snow fi hàn ní London pé omi kànga ẹlẹ́rọ kan ní Broad Street ni ó ń tan àrùn onígbáméjì kálẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ìjọba ti ń wá ohun tí yóò sọ omi di mímọ́. Ní 1897, ibà jẹ̀funjẹ̀fun tí a ń pè ní táífọ́ọ̀dù kọlu ìlú Maidstone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì mú àwọn ènìyàn tó ju 1,500 lọ. Ìyẹ̀fun alágbàfọ̀ yẹn ni wọ́n fi fọ àwọn ọ̀pá omi ìlú náà. Ní 1905, nígbà tí irú ibà bẹ́ẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Lincoln, Alexander Houston kò dá a dúró lẹ́yìn fífọ̀ kan ṣoṣo. Ó ń kán kiloríìnì olómi sínú omi ìlú lójoojúmọ́. Ní 1908, John Leal ṣe irú rẹ̀ fún omi Jersey City ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun ni òun lò.

Ní 1910, Carl Darnall, dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà, fi hàn pé afẹ́fẹ́ kiloríìnì tí a tẹ̀ mọ́ inú sìlíńdà ṣeé lò láti fi tọ́jú omi. Kò ju ọdún márùn-ún lọ lẹ́yìn náà tí ayé fi rí ojú kejì afẹ́fẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915, àwọn ọmọ ogun Jámánì tú u sílẹ̀ sí ojú ogun ní Ypres, ó sì fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́fun pa. Ohun kan náà tó ń gba ẹ̀mí là nínú omi ń gba ẹ̀mí nínú afẹ́fẹ́. Nítorí ìdí èyí ni sìlíńdà kiloríìnì fi jẹ́ ti ilé iṣẹ́ omi tó ní òṣìṣẹ́ tí a kọ́. Kò sí ààyè fún un nínú ilé ẹnikẹ́ni.

Láti Ìjù dé Ọ̀tùn

Ní ọdún 1915 yẹn kan náà ni Gómìnà Lugard ṣí ilé iṣẹ́ omi ti Ìjù fún ìlú Èkó. Àwọn ará Èkó kò fi ìlù àti ijó gbà á. Láti 1908 ni Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti tako owó omi tí ìjọba fẹ́ máa gbà. Ohun tí wọ́n ń bi ìjọba ni pé, ta ni omi náà wà fún, ta ni yóò sì sanwó rẹ̀?

Ní àwọn ìlú òkè, kànga, odò àti ìsun ni omi fún ìgbà pípẹ́. Àwọn wolé-wolé ni wọ́n ń wo inú àmù, tí wọ́n ń wá ìdin ẹ̀fọn, tí wọ́n sì ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá jẹ̀bi. Nígbà tí àrùn onígbáméjì wọ Nàìjíríà ní òpin ọdún 1970, ó di àjàkálẹ̀ ní 1971: àwọn tí àkọsílẹ̀ kà pé ó mú ju 22,000 lọ, àwọn tó pa nínú wọn sì ju 2,900 lọ. Nígbà tó tún padà dé ní 1991, àwọn tó kú ju 7,000 lọ. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń da ìyẹ̀fun kiloríìnì sínú kànga. Ìyẹ̀fun ni ó bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mu, nítorí pé ó ṣeé gbé dé abúlé, kì í sì í tètè bàjẹ́ bí kò bá tutù.

Ní apá àríwá Èkìtì, ìsédò Ero tó wà ní Ìkùn-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Mọ̀bà tí Ọ̀tùn jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ni a ṣe láti fi omi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí àwọn ìlú bí Ọ̀tùn, Ìdó, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Irú omi bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ silẹ̀ pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, kí a sẹ́ ẹ, kí a tó fi kiloríìnì sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí a máa jẹ kiloríìnì tán kí ó tó rí kòkòrò àrùn pa. Bí omi bá ti kúrò ní ilé iṣẹ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí díẹ̀ ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ títí yóò fi dé ẹnu ẹni tó ń mu ún: ó kéré tán, 0.2 mílígírámù nínú lítà kan. Ìyókù yìí ni olùṣọ́ tó bá omi dé ilé. Ọ̀rọ̀ ìyókù ni ó sì gba ìrònú jù lọ nínú ọ̀rọ̀ jakúsì.

Oòrùn, agbòòrùn àti omi gbígbóná

Bí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìṣòro tuntun dé. Oòrùn a máa ba kiloríìnì jẹ́ nínú omi gbangba láàárín wákàtí díẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà rí i pé bí wọ́n bá so kiloríìnì mọ́ cyanuric acid, yóò dà bí ẹni pé wọ́n ta agbòòrùn lé e lórí. Láti inú ìmọ̀ yìí ni oríṣi méjì ti jáde. Trichlor, tó sábà máa ń jẹ́ hóró ńlá, kì í tètè yọ́, ó sì kan. Dichlor rí bí iyọ̀, ó ń tètè yọ́, kò sì kan tó ti àkọ́kọ́. Adágún gbalasa tí oòrùn ń pa ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe wọ́n.

Ní àkókò kan náà, ìdílé Jacuzzi, tí wọ́n ti Ítálì lọ sí California, ṣe ẹ̀rọ kan ní 1956 tó ń ru omi ìwẹ̀ fún ìtọ́jú ara. Ní 1968, Roy Jacuzzi fi ẹ̀rọ náà sínú ọpọ́n fúnra rẹ̀. Orúkọ ìdílé wọn ni ó di orúkọ ọpọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rò ni pé ọpọ́n yìí kì í ṣe adágún kékeré. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 25, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 10, tí omi inú rẹ̀ sì jìn tó mítà kan àti ààbọ̀, gba 375,000 lítà omi. Jakúsì lè gba 1,500 péré. Bí ènìyàn mẹ́rin bá jókòó sínú jakúsì, bí ìgbà tí 1,000 ènìyàn bá kó sínú adágún náà ni. Òógùn wọn, ìpara wọn àti òróró ara wọn ń jẹ kiloríìnì; ooru ń dín in kù; omi tó ń ru sì ń jẹ́ kí ó fò lọ.

Ewu rẹ̀ kì í ṣe àwàdà. Ní 1976, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọlu àwọn ajagunfẹ̀yìntì tó ṣe ìpàdé ní ilé ìtura kan ní Philadelphia. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni Joseph McDade rí kòkòrò rẹ̀, tí wọ́n sọ ní Legionella. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kòkòrò yìí fẹ́ràn, inú ìkùukùu omi sì ni ènìyàn ti ń fà á sínú. Ní 1999, níbi ìpàtẹ òdòdó ní Bovenkarspel ní ilẹ̀ Netherlands, wọ́n fi jakúsì tó ń ṣiṣẹ́ han àwọn òǹwòran. Àwọn tó ṣàìsàn ju 300 lọ, ó kéré tán 32 nínú wọn sì kú. Ọ̀pọ̀ wọn kò fi ẹsẹ̀ kan omi náà. Wọ́n kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni.

Èwo ni kí onílé yàn?

Ìbéèrè mẹ́ta ni ìtàn yìí kọ́ wa láti béèrè kí a tó nawọ́ sí agolo. Báwo ni omi náà ṣe rí? Kí ni kiloríìnì náà yóò fi sílẹ̀ sínú omi lẹ́yìn tí ó bá ṣiṣẹ́ tán? Ǹjẹ́ onílé lè tọ́jú rẹ̀ láìsí ewu?

A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ẹ̀tàn nọ́ńbà kúrò. Àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà dá a lábàá pé kí kiloríìnì inú jakúsì má ṣe dín ní 3 mílígírámù nínú lítà kan, kí ooru omi má sì ju 40 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Fún 1,500 lítà omi mímọ́, gíráàmù 4.5 ti kiloríìnì gan-an ni èyí jẹ́. Bí bílíìṣì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún bá wà nílé, nǹkan bí mílílítà 130 ni yóò tó. Bí ó bá jẹ́ calcium hypochlorite tí agbára rẹ̀ jẹ́ 65, gíráàmù 7 ni. Bí ó bá jẹ́ dichlor tí agbára rẹ̀ jẹ́ 56, gíráàmù 8 ni. Bí ó bá jẹ́ trichlor tí agbára rẹ̀ jẹ́ 90, gíráàmù 5 ni. Iye kiloríìnì kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé wọ inú omi. Ohun tí nọ́ńbà ńlá dínkù kò ju ìwúwo ohun tí a ó gbé lọ.

Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ó yàtọ̀. Trichlor ń mú omi kan, èyí tó lè jẹ irin inú ẹ̀rọ. Hóró rẹ̀ kì í sì í yọ́ bó ṣe yẹ nínú omi kékeré tó gbóná. Trichlor àti dichlor jọ ń fi agbòòrùn wọn sílẹ̀ ni. Kiloríìnì ń tán, agbòòrùn kì í tán. Bí onílé bá ń fi dichlor gbé kiloríìnì omi rẹ̀ sókè pẹ̀lú mílígírámù 3 lójoojúmọ́, ní òpin ọgbọ̀n ọjọ́ yóò ti fi nǹkan bí mílígírámù 80 cyanuric acid sínú lítà kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà, bí a bá yẹ omi wò, yóò dà bí ẹni pé kiloríìnì pọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni agbòòrùn ti dì í mú tí kò fi lè tètè pa kòkòrò. Ìdí nìyí tí àjọ Amẹ́ríkà yẹn fi sọ pé kí a má ṣe lo àwọn oríṣi tó ní agbòòrùn nínú jakúsì. Lóòótọ́, àwọn oníṣòwò ń ta dichlor fún iṣẹ́ yìí nítorí pé ó rọrùn. Ẹni tó bá sì ń lò ó gbọ́dọ̀ máa da omi rẹ̀ nù déédéé. Ọpọ́n tó wà lábẹ́ òrùlé, tí a sì ń dé lálẹ́, kò tilẹ̀ nílò agbòòrùn kankan.

Nítorí náà, méjì ló kù tó bá omi gbígbóná mu: bílíìṣì olómi tí kò ní òórùn dídùn tàbí ọṣẹ nínú, àti calcium hypochlorite. Méjèèjì jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ ohun tí Houston àti Leal lò. Ní ilẹ̀ olóoru bí Èkìtì, bílíìṣì ní àbùkù kan: bí ooru bá ti pọ̀ tó ni agbára rẹ̀ ń yára dínkù. Igò tó ti jókòó sínú oòrùn ọjà fún oṣù púpọ̀ kò lè ní agbára tí a kọ sí i lára mọ́. Ẹni tó bá ń rà á gbọ́dọ̀ wo ọjọ́ rẹ̀, kí ó ra kékeré, kí ó sì gbé e sí ibi tútù tó ṣókùnkùn. Calcium hypochlorite máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń fi èròjà ẹfun kún omi. Níbi tí omi bá ti ní irú èròjà bẹ́ẹ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀, yóò máa dì mọ́ ẹ̀rọ. Níbi tí omi kò bá ti ní in púpọ̀, kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Yíyẹ omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ wò ni yóò sọ èyí tó jẹ́.

Oríṣi méjèèjì yìí ń gbé pH sókè, èyíinì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí omi ṣe kan tó. Bí pH bá jẹ́ 7.5, nǹkan bí ìdajì kiloríìnì ni ó wà ní ipò tó ń yára pa kòkòrò. Bí ó bá di 8, kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin lọ. Láàárín 7.0 sí 7.8 ni kí ó wà. Bébà àyẹ̀wò kékeré tí a ń tì bọ omi ni yóò sọ èyí fún onílé, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ inú omi kí ó tó yẹ̀ ẹ́ wò. Imú kò tó ọ sọ: òórùn líle tí àwọn ènìyàn ń pè ní òórùn kiloríìnì sábà máa ń jẹ́ àmì pé kiloríìnì ti bá òógùn àti ìtọ̀ dàpọ̀, pé olùṣọ́ ti rẹ̀.

Ìbéèrè kẹta kan ẹ̀mí àwọn ará ilé. A kò gbọ́dọ̀ po oríṣi kiloríìnì kan mọ́ òmíràn. Calcium hypochlorite àti trichlor lè gbiná bí wọ́n bá fara kanra. A kò gbọ́dọ̀ po bílíìṣì mọ́ ásíìdì ìfọlé ìgbẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ ogun Ypres ni yóò ti inú rẹ̀ jáde. Kẹ́míkà ni a ń dà sínú omi. A kì í da omi lé kẹ́míkà lórí. Ẹni tó bá fi ìyẹ̀fun kiloríìnì sínú agolo mílíìkì tí kò kọ nǹkan sí lára ti dẹ pàkúté fún ọmọ rẹ̀.

Omi tó ń ṣàn àti omi tí a sé mọ́

Ní Ìkọ̀gòsì, ní apá ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, omi gbígbóná àti omi tútù ń sun nítòsí ara wọn, wọ́n ń pàdé, wọ́n sì jọ ń ṣàn lọ. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn ènìyàn ti ń wẹ̀ níbẹ̀, wọn kò sì mọ kiloríìnì. Ẹni tó bá fi ìsun náà ṣe àpẹẹrẹ láti sọ pé omi gbígbóná kò nílò olùṣọ́ ti gbàgbé ohun kan: omi tó wẹ ẹni tó ṣáájú ti kọjá lọ kí ẹni tó ń bọ̀ tó dé. Ìṣàn ni olùṣọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ènìyàn bá sé irú omi bẹ́ẹ̀ mọ́ inú ọpọ́n, ó ti gba iṣẹ́ ìṣàn náà sí ọrùn ara rẹ̀. Òun ni yóò máa yẹ omi wò, òun ni yóò máa wọn kiloríìnì, òun ni yóò sì máa da omi nù nígbà tó bá yẹ.

Ohun tó yẹ kí àwọn olùkọ́ ní Ọ̀tùn, Ìdó, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé fi yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn nìyí. Àwọn díẹ̀ nínú wọn ni yóò ní jakúsì lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀pọ̀ ni yóò ní kànga, táńkì tàbí àmù. Ìmọ̀ kan náà ni ó ń ṣọ́ gbogbo wọn: kí a mọ omi wa, kí a mọ ohun tí a ń fi sí i, kí a sì mọ iye tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Omi kì í ní ọ̀tá, ṣùgbọ́n àìmọ̀kan lè sọ omi di ọ̀tá ẹni tó ń wẹ̀.